Níbo ni Jogbo wà? Ìlú inú ìtàn àti ìlú tí kámẹ́rà rí

Ẹni tó bá wo Ṣaworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání darí, tó sì jáde ní 1999, á fẹ́ mọ ibi tí Jogbo wà. Kò sí níbì kankan. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló dá ìlú náà sílẹ̀ nínú ìwé eré, tòun ti ààfin rẹ̀, adé rẹ̀, ìlù rẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn òṣèré tẹ̀, ògiri tí wọ́n fara tì àti igi tí ẹ rí lẹ́yìn wọn wà níbì kan tí èèyàn lè wọ mọ́tò dé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ òǹwòran lójú. Ìlú mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí ìtàn kan, àwa a sì máa pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ìlú inú ìtàn, èyí tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń dárúkọ. Ìkejì ni ìlú àwòṣe, èyí tó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé nígbà tó ń kọ̀wé, bóyá ibi tí wọ́n bí i sí tàbí ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ìkẹta ni ìlú tí wọ́n gbé kámẹ́rà lọ, tí àwọn onífíìmù ń pè ní lokéṣọ̀n. Ìgbà mìíràn wà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ìlú kan náà, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ rárá.

Àpẹẹrẹ tó yé èèyàn jù ni ti Harper Lee. Ìwé rẹ̀, To Kill a Mockingbird, tó jáde ní 1960, ṣẹlẹ̀ ní Maycomb, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ìlú àfinúrò ni Maycomb. Monroeville tí wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí ló fi ṣe àwòṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù, tó jáde ní 1962, Henry Bumstead, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ibi eré, lọ sí Monroeville láti wo ilé àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ìlú sì ti yí padà. Nítorí náà wọn ò ya fíìmù níbẹ̀. Ọgbà ilé iṣẹ́ Universal ní California ni wọ́n kọ́ òpópónà Maycomb sí. Díẹ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n tò síbẹ̀ jẹ́ ilé onípákó àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ wó ní Los Angeles nítorí títì márosẹ̀. Gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ inú fíìmù náà jẹ́ àwòkọ ti Monroeville, wọ́n sì kọ́ ọ sínú ilé iṣẹ́ fíìmù. Lónìí, ilé ẹjọ́ àtijọ́ Monroeville ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ará ìlú a sì máa fi ìtàn náà ṣeré orí ìtàgé níbẹ̀. Àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń rò pé ibẹ̀ ni Gregory Peck, òṣèré tó ṣe agbẹjọ́rò, ti rojọ́ nínú fíìmù ti ṣì í. Àwòṣe ló wà nínú rẹ̀ yẹn, kì í ṣe lokéṣọ̀n.

Forks, ní ìpínlẹ̀ Washington, tún yàtọ̀ sí èyí. Orúkọ ìlú gidi ni. Stephenie Meyer wá ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí Forks, ó sì kọ ìwé rẹ̀, Twilight, nípa ibẹ̀ kó tó fojú kàn án. Oregon, ìpínlẹ̀ mìíràn, ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù tó jáde ní 2008. Síbẹ̀ Forks ni àwọn olólùfẹ́ ìwé náà ń wọ́ lọ, torí orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Ní ti The Lord of the Rings, ìtàn J. R. R. Tolkien, ìlú inú ìtàn ń jẹ́ Shire. Ara ohun tó fi ṣe àwòṣe ni abúlé Sarehole lẹ́bàá Birmingham, níbi tó gbé ní kékeré láti 1896 títí di 1900. Lokéṣọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ oko àgùntàn kan nítòsí ìlú kékeré Matamata ní New Zealand, tí wọ́n rí ní 1998. Pákó àti fóòmù tí kò lè pẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ilé abẹ́ òkè onílẹ̀kùn róbótó ti inú ìtàn náà, wọ́n sì tú èyí tó pọ̀ jù lẹ́yìn iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n padà wá ṣe fíìmù mìíràn ni wọ́n tún un kọ́, kó lè dúró pẹ́. Èyí tí àlejò ń sanwó wò lónìí nìyẹn. Lásìkò eré náà, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn róbótó yẹn kò ní rí yàrá kankan lẹ́yìn rẹ̀, torí ilé iṣẹ́ fíìmù ní Wellington ni wọ́n ti ya inú ilé.

Kí ló wá dé tí òǹkọ̀wé kì í kàn pe orúkọ ìlú gidi? Iṣẹ́ Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Ó le kú, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1974, tí Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997, dárúkọ Ìbàdàn láìfi bò. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọ yunifásítì ni, kò sí ọba kankan tó máa bínú sí i. Nígbà tó dórí ọba tó yẹra fún gbẹ́rẹ́ ìbúra kó lè ráàyè fi igbó ìlú ṣòwò, ó dá Jogbo sílẹ̀. Ká ní ó fi orúkọ ìlú gidi sí i, ẹjọ́ ìtàn ìdílé àti ẹjọ́ ẹni tó ni adé ni ìlú náà ì bá máa bá a ṣe, ọ̀rọ̀ ìjọba ológun tó fẹ́ sọ á sì rì sínú ariwo. Ìlú àfinúrò tún fún òǹkọ̀wé láyè láti fi odò síbi tó wù ú, kó sì sún ọjà mọ́ ààfin.

Ẹni tó bá tiẹ̀ lo ìlú gidi lè yí nǹkan mìíràn padà. Eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1975, èyí tí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin, dá lé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lóòótọ́. Òǹkọ̀wé fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó fa àsìkò rẹ̀ sẹ́yìn kó lè bọ́ sígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi eré náà kọ ìtàn Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìlú àfinúrò kì í ṣe ìlú tí kò lófin o. Òǹkàwé Yorùbá á fi oyè olórí ìlú, ẹ̀ka èdè, oúnjẹ àti ilẹ̀ mọ apá ibi tó wà, bí òǹkọ̀wé ò tiẹ̀ sọ. Bí orúkọ ìlú bá parí sí Èkìtì, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ èdè Ọ̀yọ́ pọ́nńbélé, tí wọ́n ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ láàárọ̀, ọkàn òǹkàwé á ti kúrò nínú ìtàn. Ohun mìíràn tó máa ń bàjẹ́ ni ọ̀nà jíjìn. Ní orí kejì, ìrìn ìdajì ọjọ́ ni oko. Ní orí kẹsàn-án, ọmọdé gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ kó tó tutù. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ máa ń ya máàpù ìlú rẹ̀ sórí pépà, kó sì kọ iye wákàtí tí ẹsẹ̀ máa gbà sí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti fíìmù, ìwé eré ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú palẹ̀. Wọ́n á ka iye ìran tó wà ní ààfin, iye tó wà lójú ọjà àti iye tó wà létí odò, àti bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Bí ìran ààfin bá jẹ́ 14 tí ti odò sì jẹ́ ẹyọ kan, ààfin ni wọ́n máa fi yan ìlú, wọ́n á lọ ya odò níbòmíràn. October 1 tí Kúnlé Afọláyan darí, tó jáde ní 2014, ṣẹlẹ̀ ní 1960 ní ìlú kan tó ń jẹ́ Akote. Akote ò sí. Ìlárá-Mọ̀kín, Àkúrẹ́, Èkó àti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ni wọ́n so pọ̀ tó fi di ìlú kan lójú wa.

Síso ibi púpọ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn. Ká ní òṣèré wọlé láti ìta ní ìlú kan, tí wọ́n sì fẹ́ ya inú ilé ní Èkó lọ́sẹ̀ kejì. Láti ìta, àgbékọ́ ilẹ̀kùn wà lápá òsì, ilẹ̀kùn sì ń ṣí sínú. Tí kámẹ́rà bá dúró sínú yàrá tó kọjú sí ilẹ̀kùn yẹn, apá ọ̀tún ló yẹ kí àgbékọ́ wà. Ẹni tó ń ṣètò yàrá á wo fọ́tò ìta, á rí àgbékọ́ lápá òsì, á sì fi tiẹ̀ náà sápá òsì. Òǹwòran lè má lè sọ ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni pé òṣèré wọ ilé onílé. Bí oòrùn bá ń ràn gan-an níta, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ta sílẹ̀ yàrá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Eruku pupa tó wà lẹ́sẹ̀ òṣèré níta gbọ́dọ̀ bá a wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan látìta àti látinú, kí wọ́n sì wọn gíga àtẹ̀gùn rẹ̀.

Igbó àti oko a máa dalẹ̀ èèyàn. Àgbàdo tí wọ́n gbìn ní oṣù kẹrin kò tíì ju orúnkún lọ nígbà tí wọ́n ya apá kìíní. Bí wọ́n bá padà wá ní ìparí oṣù kẹfà láti ya ìyókù ọjọ́ kan náà, ó ti ga ju òṣèré lọ. Ọyẹ́ oṣù kejìlá sí oṣù kìíní máa ń sọ òkè ọ̀ọ́kán di funfun, àwòrán ìgbà náà ò sì ní bá ti ìgbà òjò mu. Kí wọ́n ya gbogbo ìran ìta tó jẹ́ ti ọjọ́ kan tán láàárín ọjọ́ tó sún mọ́ra ló dára jù, kódà bó bá mú kí iṣẹ́ mìíràn sún síwájú.

Ẹwà ìlú kọ́ ló máa ń parí ọ̀rọ̀. Ibùsùn ni. Àwọn òṣìṣẹ́ 40 tó ń sùn méjì méjì nílò yàrá 20. Bí òtẹ́ẹ̀lì tó lè gbà wọ́n bá jìnnà tó ìrìn ìṣẹ́jú 45, wákàtí kan ààbọ̀ ti lọ lójoojúmọ́ lórí títì nìkan. Kíkó iná, irin àti kámẹ́rà láti ìlú kan sí èkejì tún lè jẹ ìdajì ọjọ́. Èyí ló mú kí àwọn kan kọ́ abúlé eré tiwọn, bí Hubert Ògúndé ṣe ṣe ní Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú abúlé bẹ́ẹ̀, kò sí onílé tó máa béèrè owó kejì, kò sì sí òpó iná mànàmáná nínú àwòrán.

Owó kejì yẹn nìṣòro tó ń dá iṣẹ́ dúró jù ní ìlú kéékèèké. Ọba tàbí baálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ kí, ìyẹn ò ṣòro. Wàhálà wà nínú agbo ilé. Ẹni tó ń gbé ilé ẹbí lè gba owó, kó sì fọwọ́ síwèé, àmọ́ ilé kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá rẹ̀ á ti Èkó dé, á ní wọn ò sọ fóun, iṣẹ́ á sì dúró pẹ̀lú èèyàn 40 tó ń jẹun, tó ń sùn. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí tó lórúkọ ló yẹ kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kí ìwé náà sọ yàrá tí wọ́n máa lò, ọjọ́ àti wákàtí, ohun tí wọ́n máa kùn tàbí tí wọ́n máa tú, ẹni tó máa dá a padà sí bó ṣe wà, àti iye tí wọ́n máa san bí nǹkan bá bàjẹ́. Kí wọ́n ya fídíò gbogbo ògiri kí wọ́n tó gbé ẹrù wọlé, níṣojú onílé. Láìsí fídíò yẹn, gbogbo ẹ̀là tó ti wà lára ògiri látọdún pípẹ́ ló máa di ẹ̀bi onífíìmù.

Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú. Bí ìran kan bá ní ìbọn tàbí aṣọ ọlọ́pàá àti ti sójà, ẹ gba ìwé àṣẹ ṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ará ìlú á pe ọlọ́pàá gidi sí ọlọ́pàá eré. Ẹ̀rọ drone pàápàá nílò àṣẹ láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò àti láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ni kì í gbà á, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri nígbà tí wọ́n bá gba ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́ wọn.

Kàlẹ́ńdà Èkó tún máa ń tan àwọn onífíìmù. Ọjà ọrún-ọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn. Bó bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún máa ná, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó wá wo ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan tó rí i pé ó pa rọ́rọ́, tó wá gbé òṣìṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé mìíràn, lè bá ọjà tó kún dẹ́nu. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà, ẹ béèrè ọjọ́ ìsìnkú ńlá, kí ẹ má sì gbàgbé Orò. Lọ́jọ́ Orò, obìnrin ò gbọ́dọ̀ jáde. Òṣèrébìnrin, aránṣọ àti aṣojúlóge tó bá jẹ́ obìnrin máa wà nínú ilé ni, iṣẹ́ sì tán lọ́jọ́ náà.

Ohùn ni ohun tí àwọn òǹwòran kì í ronú kàn. Ìlú tó dákẹ́ létí èèyàn lè kún fún ariwo létí máíkì. Ẹ̀rọ ìlọta, ọ̀kadà, gbohùngbohùn mọ́sálááṣì àti ṣọ́ọ̀ṣì, àkùkọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Wọ́n máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà bíi mítà 50 sí 100, sẹ́yìn ilé tó ní ògiri nípọn. Àmọ́ bí wáyà bá tín-ín-rín tó sì gùn, agbára iná á dín kù kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, kí agbohùn gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni ẹni tó ń to fíìmù pọ̀ máa fi dí àlàfo láàárín gbólóhùn. Bí wọn ò bá gbà á, ohùn á máa já, á máa so, a ó sì mọ ibi tí wọ́n ti gé e.

Fíìmù ìgbà àtijọ́ ló ń fi ìlú sábẹ́ ìdánwò jù. Ẹ mú 1960 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Páànù tó ti dípátá ò burú, torí ó ti wà lórí ilé wa ṣáájú ìgbà yẹn. Fèrèsé alumíníọ̀mù, táńkì oníke, díṣì sátẹ́láìtì àti òpó GSM ni ẹlẹ́rìí èké, nítorí 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Kí wọ́n ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nílẹ̀. Náírà ò tíì sí. 1 oṣù kìíní 1973 ló bẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n ń ná. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ojú ọ̀nà: apá òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà títí di 2 oṣù kẹrin 1972. Bí mọ́tò 1960 bá wá ń gba apá ọ̀tún kọjá, gbogbo aṣọ àtijọ́ tí wọ́n rán dáadáa yẹn kò lè gbà wọ́n là lọ́wọ́ òǹwòran tó dàgbà nígbà náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ya fíìmù kan, ẹ má ṣe kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí orúkọ bá ń gòkè lẹ́yìn. Ibi ìdúpẹ́ ni kí ẹ kà, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Kábíyèsí, ìjọba ìbílẹ̀ àti ìdílé báyìí báyìí. Ìlú tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba rẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ dá fíìmù dúró síbi tí àwòrán ìta ti fẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí kò ṣeé gbé: bí orí òkè ṣe rí, bí títì ṣe yí po, iye fèrèsé tó wà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti àlàfo àárín wọn. Ẹ má fi ọ̀dà ògiri, pátákó orúkọ tàbí ọgbà wá ilé, torí wọ́n ti lè kùn ún padà kí fíìmù tó jáde. Tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ kí àgbà ilé, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò, nítorí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lè má tíì wo fíìmù náà rí.